Apá Òsì Méjì

Ìwọ tí ò ń ka èyí, mo ń kìlọ̀ fún ọ: tí o bá ń ṣiṣẹ́ níbi tí èrò pọ̀ sí, má ju aṣọ sínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Kódà kó má ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Omi ò ní gbé e lọ. Yóò há síbì kan nínú páìpù, yóò sì máa dúró de ẹnìkan. Èmi ló dúró dè.

Èmi ni mo ń fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rán yunifọ́ọ̀mù ní Ẹ̀gbẹ́dá, lẹ́bàá ọ̀nà Ìdímù. Èèyàn méjìlélọ́gọ́ta, tọ́ílẹ́ẹ̀tì méjì. Mi ò parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà kọ. Tí mo bá ti fọ̀ ọ́ tán, mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ aago sára ilẹ̀kùn. Sílípáàsì wà lẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má baà fi bàtà òde wọlé. Búútà kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò sì jẹ́ kí omi tán nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Màdáámù Ọláfimíhàn tó ni ilé iṣẹ́ pè mí láàárọ̀.

"Ìyá Sódìq, àwọn tó fẹ́ gbé iṣẹ́ ilé ìwé mẹ́rin fún wa ń bọ̀ ní aago kan. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Tó bá rùn pẹ́nrẹ́n, ẹ má wulẹ̀ padà wá ní Mọ́ńdè."

Ẹ̀rù bà mí. Èmi, ẹ̀rù kì í pẹ́ bà mí, mi ò lè parọ́. Ṣùgbọ́n inú mi tún ń dùn lọ́nà kan, nítorí mo mọ̀ pé tọ́ílẹ́ẹ̀tì mi mọ́.

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀, Qonitah tó ń rán kọ́là sáré wá bá mi.

"Ìyá Sódìq, ẹ wá o. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì kejì ń bì. Mo da omi sí i, ó dá a padà fún mi."

Mo wò ó. Omi ti dé etí. Ọ̀kan péré ló kù fún èèyàn méjìlélọ́gọ́ta, ọjọ́ Jímọ̀ sì ni. Tó bá ti di aago méjìlá ààbọ̀, bí ogójì èèyàn yóò gbé búútà wọ ibẹ̀ láti ṣe àlùwàlá. Ilẹ̀ á rin gbingbin, ẹrẹ̀ á kún ibẹ̀, nígbà náà ni àlejò á wọlé.

Ohun tí mi ò ṣe rí ni mo wá ṣe. Mo wọ inú gbọ̀ngàn ìránṣọ, mo pa suwíìṣì. Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ojú yí sí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́," mo ní. "Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, ìdí táǹkì níta ni o. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹsẹ̀ tútù wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan ló kù. Ẹnì kan jáde, ẹnì kan wọlé."

"Yéè, Ìyá Sódìq ti di sójà," ni Qonitah wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é. Ìlà ń lọ wéréwéré. Kò tíì lọ bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún mẹ́rin tí mo ti wà níbẹ̀.

Èmi ti bọ́ sínú èkejì. Mo fi ọ̀rá wé ọwọ́ méjèèjì, mo na wáyà áńgà tí a fi ń kọ́ aṣọ, mo kì í bọ ihò. Ó kan nǹkan. Mo fà, ó lọ́ra. Mo tún fà. Aṣọ ni, aláwọ̀ búlúù. Òmíràn tẹ̀ lé e. Omi dún gbùlù-gbùlù, ó sì wọlé lọ. Díẹ̀ ló kù kí n jó.

Mo wá wo aṣọ náà dáadáa. Apá aṣọ méjì ni, apá òsì sì ni méjèèjì. Wọ́n gé e ṣì. Létí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ti fi báírò pupa ya àgbélébùú kékeré síbẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ya irú ẹ̀. Bàbá Zacchaeus, ọmọ ìjọ Aládùúrà, tó ń gé aṣọ fún gbogbo wa. Kò ní fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ láìkọ́kọ́ fi àgbélébùú sí i. Mo ti ń ṣọ́ ọ láti bí oṣù kan. Ó máa ń fọwọ́ wá etí tábìlì kó tó jókòó. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Mo di aṣọ náà sínú ọ̀rá, mo tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì mi. Mo fi ọṣẹ fọ ibẹ̀, mo fi bílíìṣì nìkan ṣan án, nítorí ẹni tó bá da ásíìdì mọ́ ọn á wúkọ́ dalẹ́. Mo nu ilẹ̀ gbẹ. Mo kọ 12:50 sára ilẹ̀kùn.

Obìnrin méjì ni àlejò. Èyí àgbà gbóòórùn ibẹ̀, ó gbé búútà wò, omi kún un. Ó ka ṣọ́ọ̀kì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ta ló ń kọ èyí?"

Màdáámù nawọ́ sí mi.

"Màmá, ẹ máa wá kọ́ àwọn tiwa o jàre," ni obìnrin náà wí. Kí wọ́n tó jáde, wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún wa. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ, Màdáámù wá bá mi lẹ́bàá tábìlì ìgéṣọ.

"Wọ́n ní nǹkan dí tọ́ílẹ́ẹ̀tì kejì. Kí lẹ fà jáde?"

"Aṣọ ni, Mà."

"Aṣọ ilé iṣẹ́ mi? Ta ló jù ú síbẹ̀?"

Sísọ́ọ̀sì Bàbá Zacchaeus dúró láàárín aṣọ. Kò gbójú sókè.

"Ìyá Sódìq, ẹni tó ṣe é ń lọ sílé lónìí. Ẹni tó bá bò ó mọ́lẹ̀, àwọn méjèèjì jọ ń lọ ni."

Báàgì mi wà ní èjìká mi, ó tutù sí mi lára.

"Aṣọ ni, Mà. Ó ti jáde. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Mo tún bi yín o. Ta ni?"

Mo padà sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mo gbé búútà, mo lọ pọn omi tuntun sí i.