Àgbò Tó Jẹ Ọkọ̀ Campama

Lábúlé wa, lẹ́bàá Ẹdẹ, àwọn àgbà máa ń sọ pé omi kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Mi ò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jinlẹ̀ tó àfi ìgbà tí mo dé Campama, ní Banjul, tí mo gba yàrá lágbo ilé obìnrin kan tó ń jẹ́ Kumba. Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ìjọba pa orúkọ Bathurst rẹ́, tí wọ́n dá Banjul padà fún ìlú. Orúkọ yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò ò gbọ́. Bó ṣe ń ṣe Bathurst náà ló ṣe Banjul.

Ilẹ̀ Campama tẹ́ sísàlẹ̀. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, kálukú á bu yanrìn, á kó o jọ sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀ kí omi má baà wọlé. Omi náà á yà sílé aládùúgbò. Aládùúgbò á bínú, á kó tirẹ̀ ga ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ. Báyìí ni òpópó wa ṣe dà bí oko ebè, ó ku kí á gbin iṣu sí i. Ìkíni bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n láàárín wa. Sheriff télọ̀, tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa, á rí mi láàárọ̀, á máa wo òkè bí ẹni tó ń wá òṣùpá lójú ọ̀sán.

Nínú agbo ilé Kumba yìí náà ni Bàṣírát wà. Ọmọ Òṣogbo ni, ìlú aró, iṣẹ́ aró náà ló sì ń ṣe. Ọkọ rẹ̀ ń ná ọjà lókè odò, ó máa ń pẹ́ kó tó dé. Bàṣírát ti ri àwọn ìkòkò aró rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n rì dé ìdajì. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé ìkòkò aró kì í ṣe àpótí tí à ń gbé kiri. Ìgbà tí o bá fi máa hú u jáde, ó ti fọ́. Bó bá sì fọ́, èyí tuntun á pẹ́ kó tó mu aró yó. Yàtọ̀ síyẹn, aró ń rùn. Onílé tí yóò gba aláró sílé ò pọ̀ nílùú yìí. Kumba gbà á, Bàṣírát sì di ilé náà mú bí ẹni di okùn kànga mú.

Àfi ìgbà tí omi wọ inú ìkòkò aró lóṣù òjò yẹn. Aró kún, ó dà sójú ilẹ̀, gbogbo àgbàlá di búlúù. Àgbò funfun tí Kumba ń sìn de ọdún Iléyá, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Tobaski, dúró sínú ẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di búlúù dé orúnkún.

Sheriff yọjú láti òdìkejì. Ó ti pẹ́ tó ti bá wa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn kò ṣe é gbé mì.

"Yaay Kumba! Ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé ilé ìwé ni àgbò yín ń lọ ni, tó fi wọ ìbọ̀sẹ̀?"

Gbogbo òpópó rẹ́rìn-ín. Ohun tó bí Kumba nínú nìyẹn. Obìnrin Wolof tí ọjọ́ orí ti bá ni, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Yaay, ìyẹn ìyá, kò fẹ́ràn kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní aró Bàṣírát ló dí gọ́tà tí omi fi ń wọlé. Ó ní bí a bá ti jẹ Tobaski tán, kí Bàṣírát kó ìkòkò rẹ̀ kúrò lágbo ilé òun. Láti ọjọ́ yẹn, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Bàṣírát wá bá mi. "Bọ̀ọ̀dá Ràímì, níbo ni mo fẹ́ lọ?"

Mo ní kó ní sùúrù. Ohun tí èèyàn máa ń sọ nìyẹn bí kò bá rí nǹkan kan sọ.

Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Ọjọ́ kan ni Ebrima káfíńtà, tó máa ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe létí odò, wọlé wá bá Kumba.

"Yaay, àgbàlá yín ló fẹ̀ jù ní Campama. A fẹ́ kan fanal ọdún yìí níbẹ̀."

Fanal ni ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń fi igi kàn, tí wọ́n á fi bébà funfun bò, tí wọ́n á gé ọnà sára bébà náà wínníwínní, tí wọ́n á wá tan àbẹ́là sínú rẹ̀. Bí Kérésìmesì bá dé, àdúgbò kọ̀ọ̀kan á gbé tirẹ̀ jáde pẹ̀lú orin. Campama ti pa tirẹ̀ tì láti ìgbà tí ebè yanrìn ti ń ga.

Ẹnu yà mí. Mo ní, "Ebrima, ìwọ Mùsùlùmí, èmi Mùsùlùmí, Yaay ti lọ sí Mẹ́kà nínú àlá àìmọye ìgbà. Kí ló kàn wá tí a ó fi kan ọkọ̀ Kérésìmesì?"

"Ràímì, ọkọ̀ tó ń gbé ọ kọjá odò sí Barra, o ti rí i níbi tó ti ń kírun rí?"

Mo ní rárá.

"O sì ń wọ̀ ọ́. Jẹ́ kí n ríṣẹ́ ṣe."

Kumba gbà fún un. Òfin kan ṣoṣo ni Ebrima ṣe. Agbo ilé tí kò bá fọwọ́ kan ọkọ̀ náà, ọkọ̀ náà ò ní yà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ta ló fẹ́ kí ọkọ̀ ìmọ́lẹ̀ kọjá òun bí ẹni kọjá ilé arúfin? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wá, àwọn tí kì í kí ara wọn. Wọ́n tú ògbólógbòó ọgbà ọparun, wọ́n fi ọparun rẹ̀ ṣe egungun ọkọ̀. Sheriff náà mú àlùmọ́gàjí rẹ̀ dé, ó sì jókòó sí ìkángun lọ́hùn-ún, bí àlejò tí wọn ò tíì fún lómi.

Ohun tó kọ́kọ́ dà wọ́n láàmú ni ohun tí wọ́n máa fi lẹ bébà. Wọ́n po ìyẹ̀fun, atẹ́gùn òkun fẹ́ ẹ, bébà ṣí. Bàṣírát tó ń wò láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pè mí.

"Bọ̀ọ̀dá Ràímì, ẹ sọ fún wọn pé mo lè ro ẹ̀kọ láfún. Òun la fi ń ya àdìrẹ nílé. Bó bá gbẹ, ó di eegun."

Ó rò ó, ó mú ju àtè lọ. Nílé, wọ́n máa ń po òkúta búlúù kan tó korò mọ́ ọn kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Bàṣírát yọ ìyẹn kúrò. Ó ní àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ pọ̀ lágbàlá, wọ́n sì ń fi ọwọ́ sẹ́nu. Ìtọ́jú ni. Kò sẹ́ni tó rò ó síwájú.

Ó wá tún mú ìyẹ́ adìyẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọnà sára bébà bó ṣe ń yà á sára aṣọ. Ẹja, ẹyẹ, ewé, òṣùpá. Bẹ́ẹ̀ ni kò mọ bébà gé, yíya ló máa ń ya. Kumba ló mọ̀ ọ́n gé. Láti ọ̀dọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ti mọ fanal, bó bá ti fi ọ̀bẹ wẹ́wẹ́ rìn lórí bébà, á dà bí ẹni pé kòkòrò ló fi sùúrù jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò lè yàwòrán. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Ebrima mú àwọn méjèèjì jókòó sórí ẹní kan náà, ó mú mi jókòó sáàárín wọn, ó lọ.

Kumba gbé bébà kan, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ràímì, bi obìnrin aláró yẹn pé kí ni ó yà síbí."

"Yaay, ó gbọ́ yín. Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi orúnkún kan ara yín."

"Mo ní kí o bi í."

Mo bi í.

"Ẹ sọ fún Yaay pé ẹja ni."

"Sọ fún un pé ẹja tó sanra báyìí ò sí nínú odò wa."

"Ẹ sọ fún Yaay pé ti odò Ọ̀ṣun ni. Wọ́n ń fún un lóúnjẹ."

Kumba wúkọ́ títí. Èmi tí mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rín ló fi ikọ́ bò. Bẹ́ẹ̀ ni mo di afárá tí àwọn obìnrin méjì ń tẹ̀ kọjá, èkínní ń yà, èkejì ń gé, ọkọ̀ ń funfun sí i lójoojúmọ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó parí, Ebrima fi okùn wọn ìbú ọkọ̀, ó jáde lọ wọn òpópó. Ó padà wọlé, ó mi orí.

"Ọkọ̀ wa ò lè gba orí ebè kọjá. Yanrìn gbọ́dọ̀ kúrò."

Sheriff dìde. "Bí mo bá kó yanrìn mi, òjò ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Sheriff, òjò tí kò tíì sí nílé lo ń tọ́jú ìjókòó fún, àlejò tó ti dé ẹnu ọ̀nà lo ní kó dúró síta?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Sheriff náà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ mú ṣọ́bìrì. Ohun tí omi fi gbogbo ọdún bẹ̀ wá tí a ò gbà, ọkọ̀ bébà béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a gbà. A ro ebè náà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópó dé ìparí. Lábẹ́ rẹ̀ ni a ti bá gọ́tà tó ti sọnù mọ́ wa lójú, yanrìn ló kún un dé etí, yanrìn ẹnu ọ̀nà gbogbo wa. A hú u kúrò. Kumba fúnra rẹ̀ wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú gọ́tà fínnífínní. Aró kankan kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti sọ ṣì wà nílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, Bàṣírát sì mọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, ọkọ̀ parí. A fi í sílẹ̀ lágbàlá, a lọ kírun Àsárì. Nígbà tí a ń bọ̀ la gbọ́ igbe Kumba.

Àgbò ti já okùn. Ó ti jẹ ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ tán, láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó wá ń fi ahọ́n lá ọparun rẹ̀ bí ẹni ń lá àwo. Bébà funfun kan so mọ́ ọn létè. Òṣùpá tí Kumba fi odidi ọjọ́ kan gé ni.

Èmi tí mo ti ojú oko wá, tí mo ti fi èèpo gbágùúdá bọ́ àgùntàn láti kékeré! Ẹran wo ni yóò rí láfún tí kò korò, tí yóò kọjá lọ?

Àwọn èèyàn pé. Ẹnì kan ní kí wọ́n pa àgbò náà lójú ẹsẹ̀. Kumba dúró, ó fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Iṣẹ́ gbogbo Campama ni ẹran rẹ̀ jẹ, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù tó ṣì ní bébà ní irú ọjọ́ yẹn.

Bàṣírát jáde sáàárín.

"Ẹ má bínú sí Yaay, ẹ má bínú sí àgbò. Ẹ̀kọ mi ló pè é. Oúnjẹ ni mo rò, mo sì kùn ún sára ọkọ̀. Ká ní mo fi òkúta kíkorò sí i ni, kò ní fi ẹnu kàn án."

Kò sẹ́ni tó bi í. Ó lè dákẹ́, kí gbogbo ẹ̀bi dúró sórí Kumba tó fẹ́ lé e. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yí padà, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó gbé ẹrù àdìrẹ kan jáde, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ti ń pa láró láti ìgbà tí òjò ti dá, èyí tó fẹ́ tà fún ọdún.

"Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò mú un. Funfun ni. Iná á gba ibẹ̀ jáde."

Sheriff gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ gbà á kọjá. Ẹja funfun yọ láàárín búlúù, ẹyẹ yọ. Ó ti òwú bọ abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an mọ́ ọparun. Gbogbo wa dà bò ó. Kumba náà kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń na aṣọ kí ó má hunjọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjì ò tó.

"Aláró," ó ní, "di ibí yìí mú fún mi."

Bàṣírát wo ojú mi, bóyá kí n jíṣẹ́. Mo wo òkè, bí Sheriff ti máa ń ṣe. Ó lọ dì í mú.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, a tan àbẹ́là. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún funfun bí ìfófò òkun, ẹ̀gbẹ́ òsì búlúù bí ìsàlẹ̀ rẹ̀. A gbé e gba òpópó títẹ́jú jáde, ó yà ní gbogbo ẹnu ọ̀nà, kò fo ọ̀kan. Àwọn àdúgbò mìíràn ní àwọn ò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n bi wá bí a ṣe ronú kàn án. Ebrima ní, "Àgbò kan ló gbà wá nímọ̀ràn."

Kò pẹ́, Tobaski dé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo jókòó síwájú yàrá mi nígbà tí Bàṣírát wọ aṣọ ọdún rẹ̀, tó lọ bá Kumba níbi tó ti ń pín ẹran. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ń jẹ lọ́kàn kì í dúró kí wọ́n wá bá a nílé.

Ó kúnlẹ̀. "Yaay, ẹ kú ọdún. Tobaski ti dé. Ìkòkò mi ńkọ́?"

Kumba ò wò ó. Ó gbé itan àgbò kan lé àwo, itan ẹ̀yìn tó ju gbogbo yòókù lọ, ó na ọrùn sí mi.

"Ràímì! Bi obìnrin aláró yìí pé ìkòkò wo ló ń sọ."

"Yaay, ó wà níwájú yín."

"Mo ní kí o bi í. Sọ fún un pé láfún rẹ̀ ló wà nínú itan yìí, kí ó wá gbà á. Sì tún sọ fún un pé bí ó bá hú ìkòkò rẹ̀ kúrò nílé mi, ta ló fẹ́ ya ẹja sísanra fún mi lọ́dún tó ń bọ̀?"

Bàṣírát ti ń fi ọwọ́ méjèèjì gba àwo náà, omi wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Síbẹ̀, mo dìde, mo rìn dé ọ̀dọ̀ wọn, mo jíṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi, n kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.