Bí Ọ̀rọ̀-ò-tán Ṣe Dákẹ́ fún Ìṣẹ́jú Méjì

Ogójì ọdún ni onígbàjámọ̀ kan ti ń gẹrun nísàlẹ̀ ilé rẹ̀, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Ọ̀rọ̀-ò-tán. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní yàrá ẹ̀gbẹ́, máa ń sọ pé àwọn oníbàárà kan ti pá lórí pátápátá, síbẹ̀ wọn ò yéé wá, torí wọn ò tíì gbọ́ ìparí ìtàn.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n rí kókó kan nínú ọpọlọ rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi ìtànṣán jó ìyókù, ara rẹ̀ sì yá. Àfi ìgbà tí wọ́n tún ya àwòrán orí rẹ̀ tí àmì funfun kan yọjú síbẹ̀.

Dókítà rẹ̀, obìnrin kan tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, jókòó ti tọkọtaya náà. "Ó lè jẹ́ kókó náà ló ń padà bọ̀. Ó sì lè jẹ́ àpá ìtànṣán lásán. Wọ́n jọra bí ìbejì. Ṣùgbọ́n kókó tó ń dàgbà, ọ̀jẹun ni, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ló ń fà. Àpá kì í fà tó bẹ́ẹ̀. A máa fa oògùn kan sí yín nísan, á bá ẹ̀jẹ̀ wọ orí, ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara á sì wo bó ṣe ń ṣàn. Ìṣẹ́jú méjì péré ni. Ẹ ò gbọ́dọ̀ mira, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Dókítà, ṣé kò sí èyí tó rọrùn díẹ̀, bíi kí ẹ tún orí rẹ̀ là?"

Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n tẹ́ ẹ sínú ihò ẹ̀rọ náà, wọ́n fi tìmùtìmù há orí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀rọ ń dún gbàgbàgbà. Ó ṣe akin. Àfi bí oògùn ṣe ń wọlé, tí obìnrin tó ń darí ẹ̀rọ fi inú rere bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì: "Bàbá, ẹ kú ìfaradà o."

Kí wọ́n kí i, kó má dáhùn kẹ̀? Ó gbórí sókè. "Oo, ọmọ mi! Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ará ilé ńkọ́?"

Àwòrán dàrú. Oògùn ti ṣàn kọjá, wọn ò sì lè fún un ní òmíràn lọ́jọ́ náà. Obìnrin náà ń bẹ̀bẹ̀ pé òun lòun fà á.

"Ẹ má da ara yín láàmú," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Lọ́jọ́ tí mo ń rọbí àkọ́bí wa, ẹnu ọ̀nà ló wà, tó ń kí nọ́ọ̀sì."

Nígbà tí wọ́n délé, onígbàjámọ̀ sọ òótọ́. "Ìyá wọn, ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí mo bá dákẹ́, ńṣe ni mo ń gbọ́ ohun tí mò ń rò."

Ìyàwó rẹ̀ gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀. "Màá bá yín wọ yàrá ẹ̀rọ náà," ló wí.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n gbà fún ìyàwó náà. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò, kó má baà mú irin wọ yàrá ẹ̀rọ, torí òòfà ni ẹ̀rọ náà, ó lè fa irin lu aláìsàn. Abẹ́rẹ́ mẹ́rin ni wọ́n yọ lọ́rùn aṣọ rẹ̀.

"Ṣé bí ẹ ṣe fẹ́ pa mí nìyẹn?" ni ọkọ rẹ̀ bèèrè.

"Ẹ wọnú ihò yín, ẹ jàre. Ẹnikẹ́ni tó bá kí yín, èmi ni màá dá a lóhùn."

Ìyàwó rẹ̀ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Oògùn wọlé, ó tutù gba apá rẹ̀ gòkè. Ẹ̀rù náà dé, ó jókòó tì í, onígbàjámọ̀ kò sì fi ọ̀rọ̀ lé e. Ọwọ́ tó dì í lẹ́sẹ̀ mú kò tú u sílẹ̀ títí ẹ̀rọ fi dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà ṣí àwòrán aláwọ̀ kan. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn gan-an pupa, ibi tí kò pọ̀ jẹ́ búlúù. Ó na ìka sí ojú àmì náà: búlúù ni. "Ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Ó jọ àpá ju kókó lọ. A óò tún wò ó lóṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ lọ fọkàn balẹ̀ ná."

Onígbàjámọ̀ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń fi etí gèlè nu ojú.

"Kí ló dé?"

"Yàrá yìí ló tutù jù."

Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bò ó léjìká. "Òtútù kì í mú èèyàn kó máa domi lójú o, ìyá wọn."

"Tèmi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀," ló fèsì. Ó fa kóòtù náà mọ́ra, wọ́n sì jáde lọ wá ọkọ̀ ilé.