Tekeli Nínú Bíbélì Baba

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lọ́dún 1974 ni wáyà dé láti Ìbàdàn pé Baba mi, Horatio, ti kú sí ọsibítù. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó ṣà á tán kó tó sunkún.

Nílé wa ní Olówógbowó, bí ẹnìkan bá kú, àgbà ilé a ṣí Bíbélì rẹ̀ síbi tí rìbọ́ọ̀nù wà, a sì ka ibẹ̀ sókè. Wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ ìdágbére olóògbé nìyẹn. Àǹtí Ethel, ẹ̀gbọ́n Baba, ló ṣí i. Ìwé Dáníẹ́lì ni, níbi tí ọwọ́ ti kọ̀wé sára ògiri ọba. Baba fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: Tekeli. Àǹtí ka ìtumọ̀ rẹ̀: a ti wọ̀n ọ́, o kò tó. Ó pa Bíbélì dé.

Láti ìgbà náà, oúnjẹ kò wọ ọ̀fun Ìyá mi mọ́. Ó ń bẹ̀rù pé Baba ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tí kò jẹ́wọ́, pé ó ti mọ̀ pé Ọlọ́run kò ní gba òun.

Lọ́jọ́ kẹrin, Àlájì Jíbrílù, alágbẹ̀dẹ wúrà ní Ìdúmàgbò, wá kí wa. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ń dun Ìyá mi, ó ní Baba yà sí ṣọ́ọ̀bù òun kó tó lọ sí Ìbàdàn, ó bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀, ó ní kóun wọ̀n ọ́n. Ó ti fúyẹ́ ju ìgbà tóun rọ ọ́ lọ.

"Mo ní, 'Tíṣà, ẹ ti jẹ wúrà ìyàwó yín.'"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ó ní ọgbọ̀n ọdún ló jẹ ẹ́. Ó wá ní kò sẹ́ni tó máa gun òṣùwọ̀n Ọlọ́run tó máa tó, àfi kí Ọlọ́run fi àánú kún un. Ó ní ohun tóun fẹ́ kọ́ kíláàsì òun lọ́jọ́ Sọ́ńdè nìyẹn."

Kò sí èyí tó rántí nínú wa pé Baba ní kíláàsì Bíbélì tó ń múra sílẹ̀ fún.

Àǹtí Ethel wolẹ̀. Ìyá mi ní kí n bá òun gbé ọbẹ̀ kaná.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé ìsìnkú, mo dúró níwájú kíláàsì Baba. Mo ka orí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì sọ ohun tó bá Àlájì sọ fún wọn.