Ẹrù Araba

"Orúnkún ni kí o tẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn!" Ìyá Araba pariwo láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. "Àbí kí ni nọ́ọ̀sì wí?"

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Araba kúnlẹ̀ jẹ́ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà, ó ń to kẹ́ńkẹ́ gbígbóná, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n fi ewé wé, sínú abọ́ páànù.

"O gbọ́ lọ́jọ́sí náà. Ìwọ tí o dá abọ́ gbé nílẹ̀ bí akọ, ta ló fi igbe jí gbogbo àdúgbò?"

Araba rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn ún dé ìdí ẹ̀yìn.

Ní Moree, ìlú apẹja wọn létíkun Gánà, obìnrin kì í dá ẹrù gbé ka orí ara rẹ̀. Ẹni tó bá wà nítòsí ni yóò bá a gbé e. Bí ẹ tilẹ̀ ń bá ara yín ṣẹjọ́, tó bá ti bẹ̀ ọ́, o gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ̀bẹ̀ ló kọ́kọ́ la ẹnu, òun ló tẹrí ba, ìjà sì parí nìyẹn.

Ohun tí Araba kò fẹ́ gan-an nìyẹn. Ekuwa, tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá kan, ti sọ fún àwọn apẹja pé kẹ́ńkẹ́ Araba dà bí iyanrìn lẹ́nu. Láti ìgbà náà ni wọn kò ti kí ara wọn mọ́. Ìdí rẹ̀ tí Araba fi dá ẹrù gbé nìyẹn, tí iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ fi fà.

Níbẹ̀rẹ̀, kò lè yíra padà lórí ẹní. Nọ́ọ̀sì ní kó má kàn sùn sílẹ̀, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú àgbàlá. Ó rìn ín títí ìrora fi rọlẹ̀.

"Ó ti ń san," nọ́ọ̀sì wí, "àmọ́ má dá ẹrù gbé nílẹ̀ mọ́ o. Bó bá tún fà, kò ní tètè jinná bí ti àkọ́kọ́."

Lónìí, ìdajì abọ́ péré ló kó, síbẹ̀ ó wúwo. Ariwo àwọn apẹja tó ń gúnlẹ̀ ti ń dún létíkun. Bí kò bá tètè dé ọ̀hún, kẹ́ńkẹ́ ẹlòmíràn ni wọn yóò tún jẹ. Ìyá rẹ̀ di etí abọ́ mú, ṣùgbọ́n kò lè gbé e kúrò nílẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá."

Lódì kejì àgbàlá, Ekuwa kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń ha ìpẹ́ ẹja. Orin ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti dúró.

"Ó ń gbọ́ wa," Araba sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kí ni kò ní í jẹ́ kó gbọ́? Ṣé etí tirẹ̀ náà fà ni?"

Araba rọra gbé abọ́ kúrò nílẹ̀. Nǹkan ta á nídìí ẹ̀yìn, bí ìgbà tí ìjàlọ bá géni jẹ. Ó yára gbé e kalẹ̀.

Olúwa, ó wí nínú ọkàn rẹ̀, ẹ̀yìn tí mo fi pọn àwọn ọmọ mi rèé. Má jẹ̀ẹ́ kí n fi ìgbéraga bà á jẹ́.

Ó dìde, ó gbé òṣùká lé orí.

"Ekuwa," ó pè é. "Jọ̀ọ́, wá gbé e rù mí."