Igbá Omi Àsmá'ù

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ásíìdì ni Hàkímù ti ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó, kó tó padà wálé sí Ìfọ̀ lọ́dún 1956, tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Mùtàlíbù, jọ ń ṣáàjì bátìrì lọ́rì lẹ́bàá ojú irin.

Àwọn dẹ́rẹ́bà fẹ́ràn ìtàn rẹ̀. "Imí-ọjọ́ ni wọ́n ń sun," ni yóò wí. "Wọ́n á fi páìpù darí èéfín ẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ gba inú ìléru, á tún le sí i. Tẹ́ ẹ bá fún un lómi nígbà yẹn, á di ìkùukùu olóró. Ásíìdì tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé e mì, kí wọ́n tó wá rọra dà á sínú omi. Ásíìdì là ń dà sínú omi o, a kì í da omi sínú ásíìdì."

Àsmá'ù, ìyá wọn, á rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ tọmọ yìí! Omi ò lọ́tàá." Láti kékeré wọn ló ti ń da igbá omi tútù sáàárín wọn bí wọ́n bá ń jà, ìjà á sì tán.

Owú ò jẹ́ kí Mùtàlíbù rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Òun ló ni ìsọ̀, síbẹ̀ "Hàkímù dà?" ni gbogbo dẹ́rẹ́bà ń bi í. Lọ́jọ́ kan, dẹ́rẹ́bà kan láti Ọ̀fàdà já bátìrì gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún àbúrò lójú ẹ̀gbọ́n. Mùtàlíbù gbá Hàkímù létí, orí rẹ̀ lọ sọ òpó, eyín kan já bọ́. Hàkímù náà fi irin là á léjìká. Ó di bó ò lọ, yà fún mi. Mùtàlíbù bá bu ojúlówó ásíìdì, èyí tí wọn ò tíì pò mọ́ omi, sínú àwo tánńganran.

"Ojú tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ wá síbí, òní ni màá bà á jẹ́!"

Ìyá wọn ni Hàkímù ń wò, tó ń sáré bọ̀ tòun ti igbá omi. Hàkímù figbe ta.

"Ìyá, ẹ má dà á! Ẹ dákun!"

Àsmá'ù ò gbọ́. "Ìbínú, rọ̀ o!" ló wí, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú àwo.

Àwo hó, ó bú gbàmù. Hàkímù ti fò mọ́ ìyá rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi gbà á, aṣọ àti awọ jọ bó. Ojú Mùtàlíbù ló gba ìyókù. Hàkímù wọ́ ọ dé ìdí àgbá omi òjò, ó ri orí rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó fà á yọ, ó tún rì í, àwọn méjèèjì ń ké bí ẹran tí ọ̀bẹ bà.

Mùtàlíbù ò kú, ṣùgbọ́n kò ríran mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Àsmá'ù bu omi wá. Bí Mùtàlíbù ti gbọ́ ìró omi nínú igbá, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò lè sún mọ́ ọn.

Hàkímù gba igbá náà. Ó kọ́kọ́ mu ún, ó jẹ́ kí ọ̀fun òun dún dáadáa kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́, lẹ́yìn náà ló gbé e sí i lẹ́nu.