Iná Pupa Inú Mọ́tò Gbàdàmọ́sí

Ọjọ́ tí Ọláfúnkẹ́ bímọ gan-an, lọ́dún 1989, ni iná pupa kékeré kan tàn nínú mọ́tò Dátsùn bàbá rẹ̀, Gbàdàmọ́sí télọ̀. Gbàdàmọ́sí ń ti ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ bọ̀, ó wo iwájú sítíárìn, ó rí iná náà tó mú roro lára àwòrán báńtẹ́rì, ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ títí ó fi dé ilé ní Òkókómáíkò. Ní àdúgbò tiwọn, bí iná bá dé, tọmọdé tàgbà ní ń hó yèè. Iná wá fúnra rẹ̀ dé sínú mọ́tò ẹni, ta ni yóò fajú ro? Ó gbà pé báńtẹ́rì ti yó bámúbámú, ó fẹ́ kí olówó òun mọ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó ti dá a lójú.

Ibẹ̀ náà ló ti mú orúkọ. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ni òun yóò sọ ọmọ-ọmọ òun àkọ́kọ́. Àdùkẹ́ ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sọ ọ́ fún, ìyẹn sì fẹ́ràn orúkọ náà débi pé ó ń fi kọrin nídìí sítóòfù. Ohun kan ṣoṣo tó ń dà wọ́n láàmú ni pé láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni báńtẹ́rì kú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé e lọ ṣájì.

Òwúrọ̀ ìsọmọlórúkọ pé, aago mẹ́jọ ni áfàá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílé ọkọ Ọláfúnkẹ́ ní Ìbà Housing Estate. Àwọn àna ti bọ̀wọ̀ fún Gbàdàmọ́sí pé òun ni yóò kọ́kọ́ sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n bí kò bá tètè dé, ẹlòmíràn yóò sọ ọ́. Aago méje kọjá díẹ̀, mọ́tò kú fin-ín ní Ìyànà-Ìbà.

Àdùkẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó ń tún gèlè ṣe. "Baba Ọláfúnkẹ́, ṣé wọ́n á wá fún ọmọ mi lórúkọ tí mi ò mọ̀ báyìí?"

"Fọkàn balẹ̀. Ṣebí iná wà lára ẹ̀."

Àsánì rẹ́wáyà, oníṣẹ́ iná mọ́tò tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá títì níbẹ̀, gbé báńtẹ́rì tirẹ̀ wá, ó fi wáyà nínípọn méjì so ó mọ́ ti mọ́tò, ó ní kí baba sítáàtì ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ké fíìn, ó gbéra. Iná pupa tàn.

"Alihamdulilahi!" Gbàdàmọ́sí gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Iná ti dé!"

Àsánì wò ó, ó wo iná, ó tún wò ó. "Bàbá, láti ọjọ́ wo ni iná yìí ti ń dé?"

"Ó di ọjọ́ mẹ́jọ lónìí."

Ni Àsánì bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ṣe ló yẹ kí iná yẹn kú. Tó bá tàn, ó ń kígbe ni pé ọ́tánétọ̀ ò ṣájì báńtẹ́rì mọ́. Iná tó ṣẹ́kù sínú báńtẹ́rì lẹ kàn ń jẹ."

Ó ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Ó fi àtàǹpàkò tẹ fáàn-bẹ́líìtì, rọ́bà tó ń yí ọ́tánétọ̀, ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. "Ó ti dẹ̀. Ó kàn ń yọ̀ lórí ẹ̀ ni, igbe tó ń ké yẹn nìyẹn."

Gbàdàmọ́sí fọwọ́ bo ẹnu. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti ń fẹsẹ̀ wa mọ́ṣíìnì ìránṣọ. Bí awọ tó ń yí mọ́ṣíìnì bá dẹ̀, ẹsẹ̀ á máa lọ, abẹ́rẹ́ ò ní lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gé awọ náà kúrú, tó ń tún un so. Ohun tó ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù látọjọ́ yìí ló ń dá mọ́tò rẹ̀ dúró. Ojú tì í gan-an.

Àsánì tú bóòtù kan, ó fi igi ti ọ́tánétọ̀ títí bẹ́líìtì fi le, ó sì dì í pa. Wọ́n sítáàtì. Iná pupa tàn, ó kú. Àsánì yọ báńtẹ́rì tirẹ̀ kúrò, ẹ́ńjìnnì ń kùn lọ ní tirẹ̀. Àdùkẹ́ pàtẹ́wọ́.

"Ẹ máa lọ, ọmọ ń dúró dè yín," ni Àsánì wí. "Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú mósà tèmi dání."

Wọ́n gbéra. Bí wọ́n ṣe ń lọ, Gbàdàmọ́sí ní, "Àdùkẹ́, orúkọ ti bàjẹ́. Àṣé àìsàn mọ́tò ni mo fẹ́ fi sọ ọmọ."

"Àìsàn kọ́ o. Ọjọ́ mẹ́jọ ni iná yẹn fi sọ òótọ́ fún yín, kò rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin lẹ ò bi í pé kí ló dé. Ṣé irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ ò wù yín ni?"

Gbàdàmọ́sí bú sẹ́rìn-ín, ó fi kún eré.

Áfàá ń wúkọ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wọlé. Gbàdàmọ́sí gbẹ́nu sí etí ọmọ, ó sọ ọ́ ní Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ilé sì hó yèè. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ọmọ figbe ta. Wọ́n gbé e jó, wọ́n fún un lọ́mú, kò gbà. Ẹnì kan ní ẹ jẹ́ ó ké, ohùn ayọ̀ ni.

"Rárá o," ni Gbàdàmọ́sí wí. "Ẹ jẹ́ ká bi í pé kí ló dé."

Ó gbà á, ó sì fi ọwọ́ télọ̀ yẹ ara ọmọ wò títí ó fi kan ìlédìí. Wọ́n ti dì í le jù. Ó tú u, ó tún un dì, kò le jù, kò dẹ̀ jù. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ dákẹ́, ó sì sùn lọ sọ́wọ́ rẹ̀.