Ẹni Tó Kọ Orí Kẹrin

Ìwé kan ṣoṣo ni èmi àti Lorne Aldridge jọ kọ. Ìwé lórí èrò ìṣèlú ni, tí àwọn ọmọ tó ń parí girama ń kà káàkiri Alberta ní Kánádà. Ó ń sọ ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà gbọ́ àti ìdí tí wọ́n fi gbà á gbọ́.

Èmi jẹ́ ẹni àjùmọ̀ní, mo gbà pé gbogbo ará ìlú ló yẹ kó jọ ni ọrọ̀ ìlú. Bàbá mi wa èédú títí ó fi kú, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló sin ín. Ìdílé Lorne ní oko màlúù. Wọ́n gbà pé ohun tí bàbá bá kọ́, ọmọ kì í wó o, àti pé kí ìjọba jìnnà sí ọgbà onílé.

Àdéhùn wa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ orí tó jẹ́ ti ìgbàgbọ́ tirẹ̀. Èmi yóò kọ tirẹ̀, òun yóò kọ tèmi. Ẹni tó ni ìgbàgbọ́ yóò máa dá a padà títí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀.

Lorne dá èyí tí mo kọ nípa ìgbàgbọ́ tirẹ̀ padà títí ó fi sú mi.

"Orest, o ti sọ wá di ahun. A kì í ṣe ahun. À ń ṣọ́ra ni."

"Kí ni ìyàtọ̀?"

"Ahun kì í fún aládùúgbò ní màlúù nígbà tí ilé rẹ̀ bá jó."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Orí kẹrin, ti àjùmọ̀ní, Lorne ló kọ ọ́. Ó dára ju bí èmi ìbá ṣe kọ ọ́ lọ.

Ní ọdún tí Lorne ń wá kí ẹgbẹ́ rẹ̀ fa òun kalẹ̀ fún ilé aṣòfin, àwọn òbí kan fẹjọ́ sùn. Wọ́n ní orí kẹrin ń ba ọmọ àwọn jẹ́. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò, kí Lorne nìkan tún ìwé náà kọ. Èmi ò ní ohun mìíràn tí yóò gbẹ̀yìn mi.

Wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní oṣù Janúárì. Ìyáàfin Doreen Fairley ni alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwé àwọn ọmọ. Ó kọjú sí mi, ó ka gbólóhùn kan láti orí kẹrin sókè:

"'Ẹni tí ebi ń pa kò ní òmìnira kan ju kó máa wá oúnjẹ kiri lọ.' Ọ̀gbẹ́ni Hrynkiw, ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nìyí?"

"Ẹ jẹ́ kó lọ máa kọ́ wọn ní Cuba," ọkùnrin kan wí láti ẹ̀yìn.

"Ooru ibẹ̀ á tilẹ̀ ṣe egungun bàbá náà lóore," ẹlòmíràn dáhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lorne náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Orí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ ló ti kọ gbólóhùn yẹn, níṣojú mi.

"Ta ló kọ orí yìí?" alága bi mí.

"Lorne ni."

Ẹ̀rín yìí pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ṣàlàyé àdéhùn wa. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ló ń dà bí irọ́ sí i.

"Ta ni yóò bá ọ̀tá rẹ̀ ro ẹjọ́ dáadáa báyìí?" obìnrin kan wí. "Bàbá, ẹ má fi wá ṣeré."

Alága yíjú sí Lorne. "Ọ̀gbẹ́ni Aldridge, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Àwọn tí yóò fà á kalẹ̀ ló kún ìjókòó iwájú. Lorne wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Orest ti ń darúgbó," ó ní. "Ẹ má bínú sí i."

Wọ́n nawọ́ sókè. Orúkọ mi kúrò.

Mo wà níta, mò ń yọ okùn iná tí a fi ń mú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ gbóná kí òtútù má bàa mú un dì, nígbà tí Lorne wá bá mi.

"Wọn ò ní gbà á gbọ́, bí mo tilẹ̀ sọ ọ́."

"O ò sọ ọ́."

"Bí mo bá dé ilé aṣòfin, mo lè dáàbò bo ìwé náà."

"Ìwé ta ni?"

Èémí rẹ̀ ń rú bí èéfín nínú òtútù.

"Sátidé ńkọ́?" ó bi mí. "Ṣé a ṣì máa jọ jẹun àárọ̀ bí ìṣe wa?"

"Lọ bá àwọn tó nawọ́ jẹ ẹ́."

Mo wọ ọkọ̀. Lorne kò kúrò níwájú ọkọ̀ náà bọ̀rọ̀. Mo dúró títí ó fi yà fún mi.